Dídi Ẹrù fún Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíràn

Káfíńtà tí ó bá fẹ́ kan tábìlì kì í kọ́kọ́ lọ rọ ayùn àti òòlù. Alágbẹ̀dẹ ti rọ wọ́n sílẹ̀ dè é. Ohun tí ó kù fún un ni pé kí ó mọ èyí tí yóò mú àti bí yóò ti lò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ prógíráàmù fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí prógíráàmù òun ní fèrèsé, bọ́tìnnì àti àyè ìkọ̀wé lójú kọ̀ǹpútà kì í jókòó máa fa ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ká. Àwọn mìíràn ti ṣe nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, wọ́n sì ti kó wọn jọ sí ojú kan kí gbogbo ènìyàn lè máa lò wọ́n. Irú àkójọ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní láíbìrì. Kì í ṣe ilé ìkàwé ni wọ́n ní lọ́kàn o. Irinṣẹ́ ni ó wà nínú láíbìrì tiwọn, kì í ṣe ìwé.

Ṣùgbọ́n ayùn tí ó wà ní ilé àgbẹ̀dẹ ní ìlú kan kò lè ran káfíńtà tí ó wà ní ìlú mìíràn lọ́wọ́. Ẹnì kan ní láti di irinṣẹ́ náà lẹ́rù, kí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó sì tò ó síbi tí ọwọ́ yóò ti tó o. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, prógíráàmù kan wà tí a ń kọ nítorí iṣẹ́ yìí nìkan. Installer ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní prógíráàmù ìgbékalẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń gbé ẹrù wọlé tí ó sì ń gbé e kalẹ̀ sí àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é, bí a ti ń lò ó, àti ohun tí ó ń fi ẹni tí ó mọ ẹrù dì hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dì.

Láíbìrì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ni a ó mú ṣe àpẹẹrẹ. GTK ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1995, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ prógíráàmù kan tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Orúkọ wọn ni Spencer Kimball àti Peter Mattis. GIMP ni wọ́n sì sọ prógíráàmù wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, láíbìrì kan tí a ń pè ní Motif ni wọ́n fi ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n Motif kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà náà. Nítorí èyí, Mattis kọ láíbìrì tiwọn láti fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì pè é ní GTK, èyí tí ó túmọ̀ sí àkójọ irinṣẹ́ ti GIMP. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi rí i pé irinṣẹ́ náà wúlò. Ní ọdún 1997, àwọn tí ó dá iṣẹ́ GNOME sílẹ̀ mú un lò láti kọ́ ojú kọ̀ǹpútà odindi. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, ẹ̀dà kẹrin sì jáde ní ọdún 2020.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa GTK kí a tó lè di í lẹ́rù: kò dá dúró. GLib ni ó ń bá a ṣe àwọn iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí prógíráàmù gbogbo nílò. Cairo ni ó ń fa ìlà tí ó sì ń kun ọ̀dà. Láti ọdún 2005 ni GTK ti fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. GdkPixbuf ni ó ń ṣí àwòrán. Pango ni ó ń to ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ, òun pàápàá sì ní olùrànlọ́wọ́ tí ń jẹ́ HarfBuzz. Àwọn baba wa a máa sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí a bá gbé GTK nìkan lọ, tí a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ìlù lọ sóde tí ó gbàgbé ọ̀pá ìlù sílé ni a rí.

Ọ̀rọ̀ Pango kan àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá gidigidi. Gbogbo kọ̀ǹpútà òde-òní ni ó ń lo ètò kan tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Unicode ni orúkọ ètò náà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ru àmì ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà ẹ̀kẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni a ń tò tẹ̀lé ara wọn, ti lẹ́tà àti ti àmì. Ẹnì kan ní láti rí i pé àmì náà jókòó sórí lẹ́tà rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú prógíráàmù tí a fi GTK kọ, Pango àti HarfBuzz ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹrù tí a kò fi wọ́n sí kì í ṣe ẹrù tí ó pé fún ẹnikẹ́ni, àwa gan-an kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nígbà tí a bá ti mọ ohun tí ẹrù ní nínú, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: ta ni a ń di í fún? Oríṣi ènìyàn méjì ni ó wà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó kàn fẹ́ lo prógíráàmù tí ẹlòmíràn ti fi láíbìrì náà kọ. Irinṣẹ́ tí prógíráàmù ń pè nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí ó nílò. Lórí Windows, àwọn fáìlì wọ̀nyí ni orúkọ wọn ń parí sí.dll. Ẹnì kejì ni ẹni tí ó fẹ́ kọ prógíráàmù tirẹ̀. Òun nílò gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ nílò, ó sì tún nílò àwọn fáìlì tí ó ń sọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti bí a ti ń pè é. Orúkọ àwọn wọ̀nyí ń parí sí .h. Lẹ́yìn wọn, ó nílò àwọn fáìlì tí ń so prógíráàmù rẹ̀ mọ́ láíbìrì nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ. Bí a bá fún ẹnì kejì ní ẹrù ẹni àkọ́kọ́, kò ní lè ṣe ohunkóhun. Bí a bá sì fún ẹni àkọ́kọ́ ní ẹrù ẹnì kejì, ẹrù tí kò wúlò fún un ni a dì lé e lórí. Ọlọgbọ́n a máa pín ẹrù náà sí méjì, a sì jẹ́ kí olúkúlùkù yan èyí tí ó fẹ́.

Wàyí o, báwo ni a ti ń ṣe prógíráàmù ìgbékalẹ̀ náà fúnra rẹ̀? A kì í sábàá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan ti ṣe ohun èlò tí ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni Inno Setup, tí Jordan Russell kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1997. Òun ni a fi ń ṣe prógíráàmù ìgbékalẹ̀ GIMP fún Windows títí di òní. Òmíràn ni NSIS, tí ó ti ọwọ́ Nullsoft jáde, àwọn tí ó ṣe Winamp tí a fi ń gbọ́ orin. Ẹni tí ó ń lo Inno Setup yóò kọ ìwé ìlànà kan, tí a pín sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ní ìsọ̀rí tí a ń pè ní Setup, yóò kọ orúkọ ohun tí ó ń gbé, ẹ̀dà rẹ̀, àti fódà tí yóò bọ́ sí. Ní ìsọ̀rí Files, yóò ka fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, àti ibi tí yóò wà nílé ẹni tí ó gbà á. Ní ìsọ̀rí Icons, yóò kọ àmì tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ kí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó bá parí, Inno Setup yóò ka ìwé ìlànà náà, yóò fún gbogbo fáìlì pọ̀ kí wọ́n má gba àyè púpọ̀, yóò sì di wọ́n sínú fáìlì kan ṣoṣo. Fáìlì kan yìí ni a ó gbé fún àwọn ènìyàn. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé pàápàá lè gbà á sórí fláàṣì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì lò ó, bí ẹni tí ó dì í kò bá fi ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn.

Títí dé ibi yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń sọ. Ìwà ni ó kù tí a ó sọ, nítorí pé ilé onílé ni prógíráàmù ìgbékalẹ̀ ń wọ̀, àlejò sì ní bí ó ti yẹ kí ó ṣe.

Èkíní, àlejò kì í da ilé onílé rú. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, ó jẹ́ àṣà pé kí prógíráàmù ìgbékalẹ̀ kó àwọn fáìlì .dll rẹ̀ sínú fódà kan náà tí Windows ń lò fún ara rẹ̀, níbi tí gbogbo prógíráàmù ti lè rí wọn. Ó dàbí ẹni pé ó dára, nítorí pé àjọlò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Prógíráàmù kan á gbé ẹ̀dà titun ti láíbìrì kan wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òmíràn á dé pẹ̀lú ẹ̀dà àtijọ́, á sì fi ti àtijọ́ bo titun mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, prógíráàmù àkọ́kọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé kò fọwọ́ kàn án. Ìyọnu yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi sọ ọ́ ní ọ̀run àpáàdì àwọn fáìlì .dll. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nísinsìnyí ni pé prógíráàmù kọ̀ọ̀kan a máa kó irinṣẹ́ tirẹ̀ sínú fódà tirẹ̀. Bí prógíráàmù bá pe irinṣẹ́, fódà tí ó jókòó sí ni Windows sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Àyè tí a ń lò pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àlàáfíà wà láàárín aládùúgbò àti aládùúgbò.

Èkejì, àlejò kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì. Bí àyè bá tán lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí a ti gbé ogójì fáìlì kalẹ̀ nínú ọgọ́rin, tàbí bí onílé bá yí ọkàn padà tí ó sì ní kí a dúró, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ogójì tí ó ti wọlé? Prógíráàmù ìgbékalẹ̀ rere a máa kó wọn kúrò, kí ilé lè rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Windows Installer, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1999, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ sórí ìlànà yìí: yálà kí gbogbo rẹ̀ wọlé, tàbí kí ọ̀kan nínú wọn má wọlé.

Ẹ̀kẹta, àlejò tí ó mọ ọ̀nà wọlé gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà jáde. Bí Inno Setup ti ń gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó ń fi sílẹ̀ nínú fódà náà, unins000.dat ni orúkọ ìwé náà sábà máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí onílé bá fẹ́ kí ẹrù náà kúrò, ìwé yìí ni a ó kà láti mọ ohun tí a ó kó àti ohun tí kì í ṣe tiwa láti kó. Bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lè ṣẹ́ kù, ó sì lè kó ti onílé mọ́ ọn.

A wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Báwo ni ẹni tí ó di ẹrù yóò ṣe mọ̀ pé òun kò gbàgbé ohunkóhun? Ohun èlò wà tí a lè fi bi fáìlì kan pé, àwọn fáìlì .dll wo ni ìwọ nílò? Fáìlì náà yóò sì ka orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí GTK nílò ni ó ń hàn nínú ìkà yìí. Àwọn fáìlì kan wà tí GdkPixbuf kì í pè àfi ìgbà tí ó bá fẹ́ ṣí irú àwòrán kan. Bí a bá gbàgbé wọn, prógíráàmù yóò ṣí, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní hàn. Àwọn ètò kan wà tí a ń kó sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ gschemas.compiled, bí a bá gbàgbé rẹ̀, prógíráàmù tí a fi ẹ̀dà kẹta GTK kọ yóò ṣí dáadáa, onílé yóò sì máa yọ̀, àfi ìgbà tí ó bá fẹ́ yan fáìlì tí yóò ṣí, ojú ẹsẹ̀ ni prógíráàmù náà yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ṣe tí kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn.

Kí ni ó fà á tí ẹni tí ó dì í kò fi rí àléébù yìí kí ó tó gbé e jáde? Ìdí rẹ̀ ni pé, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ prógíráàmù ni ó ti ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ti gbàgbé pé òun kó wọn jọ. Nígbà tí ó bá dán ẹrù rẹ̀ wò nílé ara rẹ̀, ohun tí ó kù nínú ẹrù, ilé ni ó ń yá a. Kò sì mọ̀ pé yíyá ni. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun.

Nítorí náà, òfin kan wà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í rú: a kì í dán ẹrù wò ní ilé tí a ti dì í. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ́ ni a ń wá, èyí tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀ ju Windows lọ. Bí kò bá sí òmíràn nílé, a lè dá kọ̀ǹpútà àfarawé kan sílẹ̀ nínú èyí tí a ní, kí a sì pa á rẹ́ lẹ́yìn ìdánwò. Lórí rẹ̀ ni a ó gbé ẹrù náà kalẹ̀, tí a ó ṣí prógíráàmù, tí a ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì ohùn sínú rẹ̀, tí a ó ṣí àwòrán, tí a ó yan fáìlì. Lẹ́yìn náà ni a ó kó ẹrù náà kúrò, tí a ó sì wò ó bí ilé bá mọ́. Ohun gbogbo tí ó bá kù díẹ̀ káàtó ni a ó fi kún ìwé ìlànà, tí a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mímọ́ mìíràn.

Ẹni tí ó gba ẹrù náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn sọ pé òun ní i. Àwọn tí ó ṣe é a máa tẹ àmì ìdánimọ̀ fáìlì jáde. Èyí tí a fi ètò SHA-256 ṣe máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí a kọ pọ̀. Bí ẹnì kan bá yí ohun tí ó kéré jù lọ padà nínú fáìlì náà, àmì rẹ̀ yóò yàtọ̀. Kí ó ka àdéhùn ìlò pẹ̀lú. Àdéhùn GTK, tí a ń pè ní LGPL, fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti lò ó, títí kan ẹni tí ń ta prógíráàmù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí àdéhùn náà bá ẹrù rìn. Lẹ́yìn náà, kí ó má fi ìkánjú tẹ bọ́tìnnì; kí ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ fódà tí ẹrù ń bọ́ sí, kí ó sì kọ prógíráàmù kékeré kan tí ó ní fèrèsé kan ṣoṣo láti dán an wò kí ó tó gbé iṣẹ́ ńlá lé e.

Ẹni tí ó di ẹrù kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń tú u. Kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, mo gbàgbé ọ̀kan.” Ohun tí ó bá fi sínú ẹrù nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń dán ẹrù wò pẹ̀lú ojú ẹni tí yóò gbà á, tí kì í ṣe ojú ẹni tí ó dì í. Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà, ẹni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò, gbogbo wọn ni wọ́n ń di ẹrù fún ẹni tí kò sí nílé wọn.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín láíbìrì àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ilé ìkàwé?
2. Kí ni ó mú kí Peter Mattis kọ GTK?
3. Dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn láíbìrì tí ń bá GTK rìn, kí o sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
4. Ṣàlàyé ní ọ̀rọ̀ ara rẹ bí ẹ̀dà àtijọ́ ti fáìlì .dll kan ṣe lè ba prógíráàmù mìíràn jẹ́.
5. Kí ni ìdí tí a kì í fi í dán ẹrù wò ní ilé tí a ti dì í?
6. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: “Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun.”